Òjò Ìgándò Nínú Fóònù Mi

Abà Agbéjé,
Lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́.
Oṣù Kẹjọ.

Abdulganiyy ọmọ mi, ọkọ Fàtíà,

Àsàláámù àlékùn. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń rántí pé àwọn ní ìyá àgbà? Mo kí ọ kú iṣẹ́ àga ṣíṣe, mo kí ọ kú òjò, mo kí ọ kú ẹrẹ̀ Ìgándò tí kì í tán nílẹ̀. Ọlọ́hun Ọba tó ń jí wa láràárọ̀ yóò máa jí ọ sí ire. Abẹ́rẹ́ tí o fi ń rán tìmùtìmù kò ní gún ọ lọ́wọ́, òòlù tí o fi ń kan ìṣó kò ní já lé ọ níka. Àga tí o bá ṣe tán, oníbàárà á tètè wá gbé e, á sì sanwó rẹ̀ kó tó gbé e, kò ní ní òun ń bọ̀ lọ́la. Àmín, ní ọlá Ànábì.

Bí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, àlàáfíà ni a wà. Ara bàbá rẹ yá gágá níwọ̀n ìgbà tó bá jókòó, bó bá dìde ni orúnkún rẹ̀ máa ń sọ tirẹ̀. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí tí mo ń kọ ìwé yìí, ó fẹ́ máa pe ohun tí n ó kọ fún mi, mo sì ti sọ fún un pé èmi ni mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, kì í ṣe òun. Ó ní kí n ṣáà kí ọ. Ó kí ọ o. Ó tún ní kí n sọ fún ọ pé òun lòun kọ́kọ́ mọ̀ pé òjò máa padà rọ̀. Irọ́ ni, o máa rí i níwájú.

Mo mọ̀ pé o ó máa rò ó pé kí ló dé tí mo tún ń kọ lẹ́tà nígbà tí o ti fún mi ní fóònù ńlá. Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ju ohun tí fóònù lè gbà lọ. Bí mo bá pè ọ́, kí n tó kí ọ tán, obìnrin kan á ti já lu ọ̀rọ̀ wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ ná, kò dá mi lóhùn rí, ṣe ni ó máa ń pa fóònù mọ́ mi létí. Mi ò mọ irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ọmọ yẹn nílé. Lẹ́tà kò ní irú rẹ̀ nínú. Táyéwò, awakọ̀ tó ń kó iṣu láti abà wa lọ sí Ìkọ̀tún, ni yóò gbé e wá fún ọ, pẹ̀lú ẹrù kan tí n ó sọ fún ọ nípa rẹ̀ tó bá yá.

O rántí ìtúnu àwẹ̀ tí o wá sílé. O jẹ ẹran, o mu omi, o fẹ̀yìn ti ògiri, o wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. O ní oko dídá ti tó fún wa, pé orúnkún bàbá rẹ ń ké, pé ẹ̀yìn mi náà ti ń tẹ̀, pé òjò ayé òde òní kò ṣe é gbọ́kàn lé mọ́, kí á kó ẹrù wa kí á wá bá ọ ní Ìgándò, yàrá kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiyín. Bàbá rẹ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ìwọ ní ó wà ńbẹ̀. Ẹ fà á síbí, ẹ fà á sọ́hùn-ún, títí ìwọ fi sọ pé, “Ó dáa, ẹ dá oko ti ọdún yìí. Bí ó bá so, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Bí kò bá so, ẹ ó kó wá bá mi.” Bàbá rẹ gbà, èmi náà gbà, a sì ṣe àdúà lé e. Ìgbà tí ọkọ̀ rẹ lọ tán ni ẹ̀rù wá bà mí, nítorí ọdún méjì rèé tí òjò ti ń dá wa lóhùn bí ẹni tó jẹ wá ní gbèsè.

Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ràn Ìgándò o, má gbọ́ ọ báyẹn. Ìgbà tí mo wá wẹ ọmọ fún Fàtíà, ẹ ṣe mí dáadáa. Mo ṣì ń sọ fún àwọn ará ibí nípa Pléṣọ̀ tí ọkọ̀ já mi sí. Gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń pariwo pé àwọn máa bọ́ lọ́dọ̀ Pléṣọ̀, mo wá rò ó pé baálẹ̀ àdúgbò náà ni, mo sì ní kí kọ̀ǹdọ́ bá mi kí i, kó má di pé mo gba ojúde rẹ̀ kọjá láìkí i. Kọ̀ǹdọ́ ní òun á bá mi kí i. Ọmọ dáadáa ni. O tún mú mi lọ sí Ẹgàn lọ́jọ́ kan, mo sì ti múra láti ṣẹ́gi ìdáná bọ̀, ẹgàn tí a dé tí mi ò rí igi kan níbẹ̀, ilé ló hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sínú garawa ọ̀dà nílé yín, onílé yín wá ń bèèrè pé ta ló ń dá oko sí kọ́rídọ̀ òun. Mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ tí mo bá jí, tí mi ò rí nǹkan kan tí mo gbìn tó ń dàgbà, ọkàn mi kì í balẹ̀. Oko yìí ni mo fi tọ́ ọ. Mi ò fẹ́ fi í sílẹ̀, ohun tí mo ń bá yí nìyẹn láti ìtúnu àwẹ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ wá kan fóònù. O ní ìwọ lo ti ń lò ó ní ṣọ́ọ̀bù tẹ́lẹ̀, pé gbogbo nǹkan ló ti wà nínú rẹ̀. O tẹ ibì kan fún mi, o ní bí mo bá ń tẹ ibẹ̀ láràárọ̀, n ó máa rí bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran tí a pa lọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, mo kí bàbá rẹ, fóònù ló kàn. Mi ò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n ta ló máa rí àwòrán òjò tí kò ní dá a mọ̀? Ojú ọ̀run tó ṣú, tí omi ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òdo kékeré kan gun orí rẹ̀. Bàbá rẹ ní òdo yẹn ni ẹ̀kán òjò tó kọ́kọ́ bọ́.

Kò pẹ́ tí o lọ tí òjò kan tiẹ̀ rọ̀ fún wa, ó rin ilẹ̀ díẹ̀. Mo wo fóònù, ó ní òjò. Ọjọ́ kejì, òjò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, òjò ni. Mo ní kí la tún ń dúró dè, mo gbé ọkọ́, mo gbin àgbàdo. Mo sì ṣe ohun tí ìyá rẹ máa ń ṣe tí bàbá rẹ fi ń bá mi wí, mo sọ fún gbogbo abà. Mo ní ẹ gbìn, fóònù ọmọ mi ti sọ̀rọ̀. Ilésanmí tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà náà gbìn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, o ó rí èèyàn lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á ní àwọn ní kí àwọn wá wo òjò. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Olójò, n kò sì ní purọ́, orúkọ náà bá mi lára mu.

Àgbàdo hù, ó yọ ewé, oòrùn sì là. Oòrùn yìí kò wọ̀ bọ̀rọ̀. Fóònù ní òjò, ìta ní oòrùn. Mo gbé fóònù jáde sí àgbàlá, mo gbé ojú rẹ̀ sókè kó wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ kó sì dá ẹjọ́. Ó wò ó, ó ní òjò. Àwọn èhù àgbàdo bẹ̀rẹ̀ sí í ká ewé wọn pọ̀, wọ́n pọ́n nídìí, wọ́n sì gbẹ dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ilésanmí. Wọ́n ṣì ń pè mí ní Ìyá Olójò, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń pè é ti yàtọ̀. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn àpótí aṣọ wa, ó ń bèèrè pé èwo ló máa gba ẹnu ilẹ̀kùn Ìgándò wọlé nínú wọn. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò fi pamọ́ fún ọ.

Cecilia ló tú àṣírí. O ò mọ̀ ọ́n, ìyàwó tíṣà ni, òun ló ń fi sólà ṣáàjì fóònù fún gbogbo abà. Mo gbé fóònù lọ bá a, mo ní kó bá mi wò ó bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá, Ìgándò ni wọ́n kọ síbí o. Òjò Ìgándò lẹ ti ń wò.” Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi lójú ẹsẹ̀. Mo ní háà, mo ti ṣe fóònù yìí níkà, mo ti ń bá a jà láìnídìí. Ìgándò ni wọ́n ti là á lójú, Ìgándò ló mọ̀, ẹ wá gbé e wá sí abà lọ́jọ́ kan, ẹ ń retí kó sọ ọ̀rọ̀ ibi tí kò mọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ilé rẹ̀ ló ń rò.

Mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ tó ti wọlé. Mo gbé e lọ sí oko, mo mú un rìn yí ká. Mo ní ibí ni ààlà àwa àti Ilésanmí, ibí ni àkùrọ̀, ibí ni ìdí ọ̀mángòrò tí bàbá rẹ máa ń jókòó sí tó bá ń pàṣẹ, ibí ni àgbàdo tó kú nítorí rẹ wà, mi ò bínú. Mo fi í sílẹ̀ lórí ebè fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè mọ ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, mo tẹ ibẹ̀, òjò Ìgándò ṣì ni. Ọmọ mi, mo jowú yín. Ìgándò tí ẹ ò gbin ẹ̀pà kan ṣoṣo sí ni òjò ń rọ̀ lé lójoojúmọ́. Sìmẹ́ǹtì kì í hù, kí lẹ fẹ́ fi òjò ṣe?

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́. O rántí. O ń rẹ́rìn-ín, o ní, “Ìyá, ẹ tan location yín.” Kí n tó bèèrè pé kí ni ìyẹn, obìnrin tí mo sọ yẹn ti dé. Mo lọ bá Cecilia pé kí ni ń jẹ́ lokéṣọ̀n, ó ní ibi tí èèyàn bá wà ni. Mo wá pa á pọ̀. Tan ibi tí o wà. Kò kúkú le. Mo gbé fìtílà jáde, mo nu gíláàsì rẹ̀, mo rọ kẹrosíìnì sí i dé ẹnu, mo tàn án, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù ní ọ̀sán gangan kó lè rí ibi tó wà dáadáa. Bàbá rẹ jí lójú oorun, ó rí fìtílà ní ọ̀sán, ó bèèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú.

Má rẹ́rìn-ín o, nítorí pé nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, òjò dé. Kì í ṣe ti Ìgándò. Òjò tiwa ni, láti apá ìlà oòrùn, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tútù, ó rọ̀, ó rọ̀, ó rọ̀. Mo dúró síta, mo jẹ́ kó rin mí. Bàbá rẹ ní òun ti mọ̀ láti àárọ̀, orúnkún òun ti sọ fún òun. Èmi ò sọ pé fìtílà ló fa òjò, mi ò sì sọ pé òun kọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní ọjọ́ kejì Ilésanmí wá, ó kí wa, ó jókòó, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó wá ní ṣé a lè yá òun ní fìtílà náà. Mo pè ọ́ láti dúpẹ́, mo ní ojú ọjọ́ inú fóònù kò ṣí mọ́, o ní bóyá dátà ló ti tán. Orí mi dàrú. O ní kí n tàn án, mo tàn án, o tún ní ó ti tán. Mo lọ wo fìtílà, kẹrosíìnì rẹ̀ kò tíì tán. Mo fi ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rẹ, títí o fi ra dátà ránṣẹ́ tí ó tún ṣí.

Ilẹ̀ ti tútù, ṣùgbọ́n irúgbìn kò sí mọ́, mo ti gbin gbogbo èyí tí mo ní sínú oòrùn. Ilésanmí tí mo kó sí wàhálà ló gbé irúgbìn wá fún mi. Mo ní ṣebí ìwọ náà gbin tìrẹ tán. Ó ní òun gba fóònù mi gbọ́ o, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irúgbìn òun ló gbà á gbọ́. A jọ rẹ́rìn-ín títí. Ọlọ́hun á bá mi san án fún un. A tún gbìn lẹ́ẹ̀kejì, èyí sì hù, ó dúdú minimini, mo máa ń lọ kí i láàárọ̀ bí mo ṣe máa ń kí fóònù tẹ́lẹ̀.

Òjò tí a bẹ̀ pé kó wá, nígbà tó dé, kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ. Àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìjì kan jà. Èyí tó wà ní àkùrọ̀, omi bò ó, mi ò rí i mọ́ títí di òní. Èyí tó wà lókè, afẹ́fẹ́ tẹ gbogbo rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí apá kan. Mo dé oko láàárọ̀, mo rí i, mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹrẹ̀. Mo ní ó ti parí, Ìgándò dé.

Bàbá rẹ ló gbé mi dìde, ìyẹn ni pé ó pàṣẹ fún mi pé kí n dìde. Ó ní àgbàdo tí kò tíì ṣẹ́ kò tíì kú. Ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ láti abẹ́ ọ̀mángòrò, ó tiro wọ inú poro, ó jókòó, ó gbé àgbàdo kan dìde, ó wa yẹ̀pẹ̀ sí i nídìí, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó tún bọ́ sí èkejì. Bó bá ṣe ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé tán, á ti àpótí síwájú, á tún jókòó. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ láti ìpẹ̀kun kejì, Ilésanmí àti ìyàwó rẹ̀ wá ràn wá lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe tiwọn tán. Bàbá rẹ kò ráhùn nípa orúnkún rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti rí i nínú oko bẹ́ẹ̀, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé ìjì ló kó wa dé ibẹ̀.

Àsìkò yẹn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ ìṣe tuntun. Àwòrán òjò tí a mọ̀ kúrò, èyí tó wá dé dúdú ju tàtẹ̀yìnwá lọ, mànàmáná là á láàárín. Bí mo ṣe rí i ni mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ló ti le, nítorí mo ti mọ̀ pé kì í ṣe oko mi ló ń sọ. Mo pè ọ́. O ní, “Ìyá, kò séwu, òjò díẹ̀ ni.” Mo ní ṣé ó dá ọ lójú, o ní ó dá ọ lójú. Ọmọ tí mo bí, mo mọ ohùn tí o fi ń sọ irú rẹ̀, òun náà lo fi sọ pé ìwọ kọ́ lo jẹ ẹja inú ọbẹ̀. Mo ní kí o gbé fóònù fún Fàtíà. Ọmọ dáadáa ni Fàtíà, kò mọ irọ́ pa. Ó ní, “Ìyá, omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù láti àná. Gbogbo fóòmù ló ti mu omi.”

Mi ò bínú pé o fi pamọ́. Ìwọ tí o ní kí á wá sá sábẹ́ rẹ nítorí òjò, ó ṣòro fún ọ láti sọ pé òjò wọlé bá ìwọ náà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí. Èmi tí mo ti ń jowú òjò Ìgándò láti ìgbà yìí, mi ò mọ̀ pé orí ọmọ mi ló ń rọ̀ lé. Mo sọ fún bàbá rẹ. Ó ní àwa la ṣe àṣìṣe nígbà ìtúnu àwẹ̀, pé ó yẹ kí àwa náà ti bá ọ ṣe irú àdéhùn tí o bá wa ṣe, pé bí ṣọ́ọ̀bù kò bá so ní ọdún yìí, kí o kó wá bá wa. Mo gbọ́ pé o ti sá àwọn fóòmù sóòrùn, pé èyí tó pọ̀ ti gbẹ, pé o ti gbé ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sókè díẹ̀. Àlùhámúdùlílàhì.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àdéhùn wa. Ọmọ mi, oko so. Àgbàdo tí bàbá rẹ gbé dìde láti orí àpótí, gbogbo rẹ̀ ló dúró, ó gbọmọ pọ̀n. Mo mọ̀ pé o lè ní ti àkùrọ̀ ńkọ́. O ò sọ pé kó so tán, o ní kó so, Ọlọ́hun ló jẹ́rìí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ ya á, bàbá rẹ sun ọ̀kan fúnra rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ń nu ojú, ó ní èéfín ni. Èéfín kọ́. Ó ti gbé àwọn àpótí aṣọ padà sí àyè wọn, kò sì bèèrè nípa ẹnu ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Nítorí náà a ò ní kó wá o. A ó máa wá kí yín, a ó lo ọ̀sẹ̀ kan, n ó kí Pléṣọ̀ fúnra mi, a ó sì padà sílé.

Àpò tí Táyéwò gbé wá pẹ̀lú lẹ́tà yìí, àgbàdo ni, ti oko wa. Sè lára rẹ̀ kí ìyókù sì di ògì fún àwọn ọmọ, kí o fún onílé yín náà, sọ fún un pé kì í ṣe kọ́rídọ̀ rẹ̀ la ti gbìn ín. Ìwọ lo ní kí á wá máa bá ọ jẹun. Ìwọ náà wò ó, oúnjẹ wa ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ. Má ra oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, kí ohun tí o bá rí lè wọlé sórí fóòmù tuntun.

Mo wá fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún owó. Kò ní ṣe ọ́ ní kàyéfì, ìyá ni mí. Bí ọwọ́ rẹ bá ti ń tẹ nǹkan, ra òróró orúnkún tí Fàtíà rà níjọ́sí fún bàbá rẹ, èyí tó ń ta lára. Kẹrosíìnì wa náà ti lọ sílẹ̀, o mọ ibi tó gbà lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ jù ni owó dátà, má jẹ́ kó tán mọ́ mi lọ́wọ́. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Mo lọ ṣáàjì fóònù lọ́dọ̀ Cecilia lánàá. Ó ní inú òun dùn, pé òun ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí i, pé òun máa yọ Ìgándò kúrò kíá, òun á fi abà wa síbẹ̀, kí n lè máa rí òjò tiwa. Ó ti na ọwọ́ sí i. Mo gba fóònù mi. Mo ní, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Òjò tibí, bí mo bá yọjú síta n ó rí i. Èyí tó ń rọ̀ lé ọmọ mi lórí ni mi ò lè rí.”

Ọlọ́hun á dá ọ sí fún wa. Omi ayé kò ní gbé ọ lọ, oòrùn ayé kò ní pa ọ́, ibi tí o bá gbé ọwọ́ lé á so, bó pẹ́ bó yá, á so. Fàtíà á máa rí ojú rere rẹ, àwọn ọmọ rẹ á máa sọ òótọ́ fún ọ ju bí o ṣe ń sọ ọ́ fún mi lọ. Àmín.

Mo gbọdọ̀ dákẹ́ níbí, Táyéwò ti ń fọn fèrè. Láàárọ̀ òní mo tẹ ibẹ̀, mo rí oòrùn, kò sí ẹ̀kán omi kan nídìí rẹ̀. Mo pe bàbá rẹ, mo ní ara ọmọ wa gbẹ lónìí. Ó ní kí n gbé oúnjẹ wá nígbà náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ̀dínátù.